Àìsàn Inú Ọpọlọ Ni, Kì Í Ṣe Àjẹ́

Ní agbègbè Collines, ní ìlú Ṣábẹ̀, àwọn àgbà a máa jókòó síwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀ sẹ́yìn àwọn òkè àpáta tí wọ́n fi mọ ìlú náà. Bí ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn bá ń gbọ̀n, àwọn ènìyàn kì í kà á sí. Wọn yóò ní ọjọ́ orí ni. Bí ó bá ń fa ẹsẹ̀ rìn, wọn yóò ní eegun ti gbó. Ṣùgbọ́n bí ọdún mélòó kan bá kọjá, tí àgbà kan náà wá ń sọ lóru pé òun rí àwọn ọmọdé tí wọ́n jókòó sí ẹsẹ̀ ẹní òun, ọ̀rọ̀ a yí padà. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ìyá lánàá, wọn a máa fi ìfura wò ó lónìí. Àwọn ará ilé a máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹnìkan a sì sọ pé ó ti ń jẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ó lè mú kí wọ́n lé arúgbó jáde nínú ilé tí ó fi òógùn ojú ara rẹ̀ kọ́. Ó lè mú kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀, kí wọ́n fi ebi pa á ní orúkọ ààwẹ̀, tàbí kí wọ́n nà án kí ó lè sọ ohun tí kò ṣe. Nítorí náà, ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní òbí mọ ohun kan. Bí ọwọ́ àgbà bá ti ń gbọ̀n láti ọdún pípẹ́, tí iyè rẹ̀ wá ń rá, tí ó sì ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, àìsàn kan ṣoṣo lè wà nídìí gbogbo rẹ̀. Àìsàn náà ní orúkọ. Àwọn onímọ̀ ti rí ibi tí ó ń bà jẹ́ nínú ọpọlọ. Àjẹ́ kò sí nínú rẹ̀.

Àìsàn tí ó ní orúkọ

Ní ọdún 1817, dókítà kan ní ìlú Lọ́ńdọ́nù, tí ń jẹ́ James Parkinson, tẹ ìwé kékeré kan jáde nípa ènìyàn mẹ́fà tí ara wọn ń gbọ̀n. Ó ṣàpèjúwe bí ọwọ́ wọn ṣe ń gbọ̀n nígbà tí wọn kò fi ṣiṣẹ́, bí ara wọn ṣe tẹ̀ síwájú, àti bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń yára gbé ìṣísẹ̀ kéékèèké bí ẹni tí ó fẹ́ ṣubú. Nígbà tí ó yá, dókítà ńlá kan ní ìlú Paris, Jean-Martin Charcot, fi orúkọ Parkinson pe àìsàn náà. Orúkọ náà ni gbogbo ayé ń lò títí di òní.

Àìsàn yìí kì í ṣe ti ìlú kan tàbí ti ìdílé kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2019, àwọn tí ó ní i ju 8,500,000 lọ ní gbogbo ayé, àti pé iye wọn ti di ìlọ́po méjì láàárín ọdún 25. Kò mọ olówó, kò mọ tálákà. Póòpù Jòhánù Páálù Kejì, ẹni tí ó ṣe àbẹ̀wò sí orílẹ̀-èdè Benin ní ọdún 1982 àti ní ọdún 1993, ní àìsàn Parkinson. Gbogbo ayé ni ó rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n kí ó tó kú ní ọdún 2005. Bí ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè gbọ̀n, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ègún ìdílé ni ọwọ́ gbígbọ̀n.

James Parkinson rí ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe àṣìṣe kan. Ó kọ ọ́ pé àìsàn náà kì í fi ọwọ́ kan làákàyè. Lóde òní, àwọn dókítà mọ̀ pé ó lè dé ibẹ̀, pàápàá bí ọdún bá ti gorí ọdún. Ní ìlú Sydney, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, àwọn onímọ̀ tẹ̀ lé àwọn aláìsàn Parkinson fún 20 ọdún. Nínú àwọn tí ó ṣì wà láàyè ní ìparí ogún ọdún náà, ó ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá tí iyè wọn ti rá. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ó ń rí bẹ́ẹ̀, kì í sì í yá bákan náà fún gbogbo wọn. Àwọn kan wà tí ọwọ́ wọn gbọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ọgbọ́n orí wọn kò sì dín. Ṣùgbọ́n ẹbí tí ó bá mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀ kò ní máa wá ọ̀tá kiri nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ

Ọpọlọ ènìyàn kún fún àwọn hóró tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì kan a máa ránṣẹ́ sí èkejì, bí àgbà ṣe ń rán ọmọdé láti agboolé kan dé òmíràn. Àwọn èròjà kan nínú ọpọlọ ni ọmọdé tí ń jíṣẹ́ náà. Bí kò bá sí ọmọdé tí yóò jíṣẹ́, iṣẹ́ kò lè dé ibi tí wọ́n rán an.

Ọ̀kan nínú àwọn èròjà náà ń jẹ́ dópámínì. Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ibì kékeré kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Ibẹ̀ ni dópámínì tí ó ń jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbọ́ràn sí ènìyàn lẹ́nu ti ń wá. Nínú àìsàn Parkinson, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibi dúdú yìí ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsí ariwo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò ti kú kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí ara tó le, kí ìrìn tó fà.

Kí ni ó ń pa wọ́n? Ní ọdún 1912, dókítà ará Jámánì kan, Friedrich Lewy, fi ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi wo ọpọlọ àwọn aláìsàn tí ó ti kú. Ó rí àwọn kókó róbótó nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan. Ní ọdún 1919, Konstantin Tretiakoff, tí ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Paris, rí irú kókó bẹ́ẹ̀ ní ibi dúdú náà gan-an, ó sì fi orúkọ Lewy pè wọ́n. Ó tó ọdún 1997 kí àwọn onímọ̀ tó mọ ohun tí ó pọ̀ jù nínú kókó náà. Purotéènì kan tí ń jẹ́ alpha-synuclein ni.

Purotéènì yìí kì í ṣe májèlé. Ó wà nínú ọpọlọ gbogbo ènìyàn, ó sì ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ó máa ń ká lọ́nà òdì, á wá lẹ̀ mọ́ ara wọn, á sì di kókó. Èyí tí ó ti bàjẹ́ a sì máa ba èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́. Àgbẹ̀ tí ó ń gbin iṣu ní Ṣábẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ó mọ̀ pé bí iṣu kan bá rà láàárín àwọn iṣu tí wọ́n kó jọ, àwọn tí ó fara kàn án yóò rà tẹ̀ lé e. Àgbẹ̀ náà kì í sọ pé àwọn iṣu yòókù ní ọ̀tá. Ìrà ni ó ràn wọ́n.

Ní ọdún 2003, Heiko Braak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ṣàlàyé ọ̀nà tí ìbàjẹ́ náà máa ń gbà nínú ọpọlọ. Wọ́n ní ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọpọlọ ti sún mọ́ ọrùn, àti ní ibi tí ènìyàn fi ń mọ òórùn. Lẹ́yìn náà ni yóò gòkè dé ibi dúdú tí dópámínì ti ń wá. Ní ìkẹyìn, yóò dé èèpo òkè ọpọlọ, níbi tí ènìyàn fi ń ronú, tí ó fi ń ṣètò, tí ó sì fi ń mọ ìtumọ̀ ohun tí ojú rí. Kì í ṣe ara gbogbo aláìsàn ni ó ti ń tẹ̀ lé ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó rí lára ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ìrìn yìí ṣàlàyé ohun púpọ̀ tí àwọn ará ilé ti rí láìmọ ìdí rẹ̀. Ó ṣàlàyé ìdí tí bàbá kò fi gbọ́ òórùn ọbẹ̀ mọ́ ní ọdún púpọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbọ̀n. Ó ṣàlàyé ìdí tí inú rẹ̀ fi ń kún láìrí ìgbẹ́ yà, àti ìdí tí ó fi ń pariwo tí ó sì ń ju ẹ̀ṣẹ́ lójú oorun. Ó ṣàlàyé ìdí tí gbígbọ̀n fi dé lẹ́yìn ìwọ̀nyí, àti ìdí tí iyè rírá fi wá kẹ́yìn. Ìrìn àjò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn.

Ohun méjì mìíràn a tún máa dá kún un. Èkínní ni èròjà kejì tí ń jíṣẹ́ nínú ọpọlọ, tí ń jẹ́ asetilkólínì. Òun ni ó ń jẹ́ kí ènìyàn lè fi ọkàn sí ohun tí ó ń ṣe, kí ó sì rántí rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè rẹ̀ náà ń kú nínú àìsàn yìí, ìbàjẹ́ wọn sì pọ̀ jù lọ lára àwọn tí iyè wọn ti rá. Èkejì ni pé nínú ọpọlọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn wọ̀nyí, àwọn onímọ̀ a máa rí irú ìdọ̀tí tí wọ́n ń rí nínú àìsàn Alzheimer. Níbi tí ìbàjẹ́ méjèèjì bá ti pàdé, iyè a máa tètè rá.

Ohun tí àwọn ará ilé ń ṣì lóye

Iyè rírá ti àìsàn Parkinson kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbàgbé bí ti Alzheimer. Ìrònú ni ó kọ́kọ́ máa ń falẹ̀. Ìyá tí ó ti ń ta ọjà láti ọgbọ̀n ọdún kò lè ṣírò ṣéńjì mọ́. Bàbá tí ó mọ ètò oko ju gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ kò mọ èyí tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣe mọ́. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, ìdáhùn á pẹ́ kí ó tó dé. Àwọn ọmọ á sọ pé alágídí ni.

Làákàyè rẹ̀ a sì máa lọ, a máa bọ̀. Ní òwúrọ̀ ó lè mọ orúkọ gbogbo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, ó lè máa béèrè bóyá ilẹ̀ ti mọ́. Ní ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ á tún dá ṣáṣá. Àwọn ará ilé á sọ pé ó ń díbọ́n. Kò díbọ́n rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ tí ìránṣẹ́ rẹ̀ ti dín kù ṣe máa ń ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni ìran rírí. Nígbà tí ìbàjẹ́ bá dé ibi tí ọpọlọ ti ń túmọ̀ ohun tí ojú rí, tí asetilkólínì sì ti dín kù, ọpọlọ a máa dá àwòrán sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àgbà á rí ọmọdé, á rí ẹranko, á rí àlejò tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Aṣọ tí wọ́n fi kọ́ sí ògiri á dà bí ènìyàn lójú rẹ̀, pàápàá ní àṣálẹ́ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò tó. Ó ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí gan-an. Kò rọ́ àlá, kò purọ́, kò sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ohun kan náà ni àwọn arúgbó ń sọ fún dókítà ní Paris, ní Sydney àti ní Èkó.

Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, òwe kan wà tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti pa: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí. Pé ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òmíràn kò túmọ̀ sí pé òmíràn náà ni ó fà á. Bí ọmọ kan bá kú ní agboolé lẹ́yìn tí ìyá àgbà sọ pé òun rí ọmọdé lóru, ó ṣeé ṣe kí ibà ni ó pa ọmọ náà. Ìran tí ìyá àgbà rí wá láti inú ọpọlọ tí ń ṣàìsàn. Ohun méjì tí kò bá ara wọn tan ni wọ́n. Yorùbá kan náà ni ó sọ pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n wà nílẹ̀ nísinsìnyí. Kò yẹ kí ó wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tún pe àgbà ní àjẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ìwé àwọn òyìnbó kò mọ gbogbo nǹkan. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà fún ìyá rẹ̀, kí ó gbàdúrà. Ẹni tí ó bá fẹ́ bọ ohun tí bàbá rẹ̀ ń bọ, kí ó bọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀sìn kan tí ó nílò kí wọ́n na arúgbó kí ó tó gbọ́ àdúrà.

Ìmọ̀ tí ó wá láti ilẹ̀ Yorùbá

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ òyìnbó nìkan ni ìmọ̀ yìí ti wá. Ní ọdún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní àdúgbò Ìdíkàn, ní ìlú Ìbàdàn. Wọ́n ń fi àwọn àgbà Yorùbá wé àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé nínú 1000 àgbà tí ó ti pé ọdún 65 sókè, bíi 13 ni iyè wọn ń bẹ̀rẹ̀ sí í rá lọ́dún kan ní Ìbàdàn, nígbà tí wọ́n tó 32 ní Indianapolis. Ní orílẹ̀-èdè Benin pẹ̀lú, àwọn oníṣègùn ti lọ láti ilé dé ilé. Nínú 100 àgbà tí ó ti pé ọdún 65 sókè, wọ́n rí bíi 3 tí iyè wọn ti rá ní Djidja, àti bíi 4 ní Cotonou.

Oríṣiríṣi iyè rírá ni wọ́n kà pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ti Parkinson nìkan. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ńlá kan wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbà bá ń dàgbà tí iyè wọn kò sì rá, a jẹ́ pé ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni ó ń fa iyè rírá. Ẹni tí iyè rẹ̀ ń rá ń ṣàìsàn. Ẹni tí ó sì ń ṣàìsàn yẹ fún ìtọ́jú.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ìmọ̀ mìíràn tún jáde, tí ó kan ilẹ̀ yìí gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo, ti Yunifásítì Èkó, wà lára àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí náà. Wọ́n wo ohun àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí ó sún mọ́ 200,000, tí orírun wọn jẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n rí ìyípadà kan nínú àjogúnbá tí ń jẹ́ GBA1, irú èyí tí wọn kò tíì rí nínú àìsàn Parkinson láàárín àwọn òyìnbó. Iṣẹ́ GBA1 ni láti ran sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti gbá ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù. Bí ìgbálẹ̀ bá dín kù nínú ilé, ìdọ̀tí á kó jọ.

Ẹni tí ó bá jogún ìyípadà náà láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo, ewu Parkinson lára rẹ̀ jẹ́ bí ìlọ́po kan ààbọ̀ ti ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, ewu tirẹ̀ jẹ́ bí ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jogún rẹ̀ kò ní ṣàìsàn náà láéláé. Kì í ṣe ègún. Àwọn dókítà sì ti rí i ní ilẹ̀ mìíràn pé àwọn ìyípadà mìíràn nínú GBA1 yìí kan náà lè mú kí iyè aláìsàn Parkinson tètè rá. Ìdí nìyí tí ìwádìí láàárín àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí fi ṣe pàtàkì. Oògùn tí wọ́n ṣe láìmọ ara àwọn ènìyàn ibí lè má bá ara wọn mu.

Ohun tí ó ṣeé ṣe, àti ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe

Kò tíì sí oògùn tí ó lè dá ìbàjẹ́ náà dúró. Ṣùgbọ́n oògùn wà tí ó ń dín ìnira kù. Levodopa ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé inú ọpọlọ ni ó ti ń di dópámínì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ́ mọ́ àwọn oògùn tí kò yẹ kí ó wọ́n ní orílẹ̀-èdè kankan. Fún iyè rírá, oògùn kan wà tí ń jẹ́ rivastigmine, tí kì í jẹ́ kí asetilkólínì tí ó ṣẹ́ kù tètè parẹ́. Kì í wo àìsàn náà sàn, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ojú aláìsàn dá sí i, kí ìran tí ó ń rí sì dín kù.

Àwọn oògùn kan wà tí ó lè ṣe aláìsàn yìí ní jàǹbá. Ó yẹ kí gbogbo ẹbí mọ̀ wọ́n. Haloperidol, tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí ó ń rí ìran kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, máa ń dí ọ̀nà mọ́ dópámínì. Bí aláìsàn Parkinson bá lò ó, ara rẹ̀ lè le gbagidi, ó sì lè kú. Oògùn mìíràn ni trihexyphenidyl, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Artane. Ó ń dín gbígbọ̀n kù, owó rẹ̀ kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń dí ọ̀nà mọ́ asetilkólínì. Fún àgbà tí iyè rẹ̀ ti ń rá, ńṣe ni ó dà bí kí wọ́n tún bu omi sí iná tí ó ti fẹ́ kú. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dá levodopa dúró lójijì nítorí pé owó tán tàbí nítorí pé aláàfáà tàbí wòlíì sọ bẹ́ẹ̀. Ewu ńlá wà nínú rẹ̀.

Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ ewé àti èso púpọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí wèrèpè. Inú èso wèrèpè, ewéko tí irun rẹ̀ máa ń yún ènìyàn lára, ni levodopa ti wà gan-an. Nítorí náà, òun náà kì í ṣe nǹkan eré. Bí levodopa bá pọ̀ jù lára àgbà tí iyè rẹ̀ ti ń rá, ìran tí ó ń rí á pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá ń lo ti ilé ìwòsàn, tí ó sì tún ń mu ti ìbílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ń lo oògùn kan náà lọ́nà méjì. Ó yẹ kí dókítà mọ̀.

Bí làákàyè àgbà bá dàrú lójijì láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, àìsàn Parkinson nìkan lè máà jẹ́ ìdí rẹ̀. Ibà lè wà lára rẹ̀. Àrùn lè wà nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Ó lè máà mu omi tó nínú ooru ọyẹ́. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ó ní ìwòsàn, nítorí náà kí wọ́n tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Nínú ilé pẹ̀lú, ohun púpọ̀ ṣeé ṣe láìná owó. Kí wọ́n jẹ́ kí iná kékeré máa tàn lóru níbi tí àgbà sùn sí. Kí wọ́n kó aṣọ kúrò lára ògiri. Kí wọ́n máa bá a sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì dúró de ìdáhùn. Bí ó bá ní òun rí ọmọdé, kí wọ́n má bá a jà, kí wọ́n má sì dẹ́rù bà á. Ó tó kí wọ́n sọ fún un pé àwọn wà níbẹ̀, kò sí ohun tí yóò ṣe é. Kí oúnjẹ, ìwẹ̀ àti oògùn máa wáyé ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Kí wọ́n má sì di gbogbo ẹrù náà lé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tàbí ìyàwó ilé kan ṣoṣo lórí. Ẹni tí kì í sùn lóru nítorí aláìsàn, òun náà yóò di aláìsàn. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n òkété kì í bí ọmọ kan ṣoṣo.

Ojúṣe ìjọba

Ẹbí nìkan kò lè ṣe é. Láti Ṣábẹ̀ dé ilé ìwòsàn ńlá Hubert Koutoukou Maga ní Cotonou ju 200 kìlómítà lọ. Bí wọ́n bá gbé arúgbó tí kò lè dá jókòó gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà wọ́n lè padà délé kí wọ́n má rí oògùn náà rà nítòsí. Irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ kì í wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí ilé ìwòsàn bá sì ti jìnnà, ẹni tí ń tọ́ka sí àjẹ́ a máa wà nítòsí. Ìdí kan nìyẹn tí ẹ̀sùn àjẹ́ fi ń borí.

Ní ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ètò kan lórí àwọn àìsàn ọpọlọ, tí yóò wà títí di ọdún 2031. Ó yẹ kí ètò náà dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú aláìsàn tí ó wà ní agbègbè bíi Collines. Ohun mẹ́ta ni yóò fi hàn pé ó ti dé. Èkínní, kí levodopa wà ní ilé oògùn ìlú Ṣábẹ̀ ní iye owó tí àgbẹ̀ lè san, kí ó má sì máa tán. Èkejì, kí wọ́n kọ́ àwọn olùtọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn kéékèèké láti dá Parkinson mọ̀, àti láti má ṣe fi haloperidol fún ẹni tí ó ní i. Ẹ̀kẹta, kí àwọn tí ń lọ láti ilé dé ilé lórí ọ̀rọ̀ ibà àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé máa béèrè nípa àgbà ilé náà pẹ̀lú.

Àwọn ọba, àwọn baálẹ̀, àwọn àlùfáà àti àwọn aláàfáà ní iṣẹ́ tiwọn. Iwájú wọn ni ẹjọ́ àjẹ́ ti máa ń kọ́kọ́ dé. Nígbà tí wọ́n bá mú arúgbó wá pé ó ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí wọ́n bi àwọn ọmọ rẹ̀ ni èyí: ọdún wo ni ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n? Ìbéèrè kan yìí lè gba ẹ̀mí là.

Alẹ́ yóò tún lẹ́ ní Collines, ìyá àgbà yóò sì tún sọ pé àwọn ọmọdé kan jókòó sí ẹsẹ̀ ẹní òun. Ọmọ tí ó bá mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ ìyá rẹ̀ yóò tan iná, yóò jókòó tì í, yóò dì í lọ́wọ́ mú títí ọwọ́ náà yóò fi rọlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.